Ìmọ̀ràn lórí píkọ́ọ̀pù piezo àti preamp àfọwọ́ṣe fún agídìgbo

Ọmọ Alágídìgbo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá béèrè lórí agídìgbo bàbá mi àgbà, èyí tí ẹgbẹ́ àpàlà wa fi ń ṣeré. Bí a bá ń ṣeré nínú ilé, ohùn rẹ̀ tó wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìta gbangba, tí ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti gbóná, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Máìkì tí a gbé sí iwájú rẹ̀ ń kó ohùn ìlù mọ́ tirẹ̀, bí a bá sì yí i sókè, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Mo gbọ́ nípa piezo, ìyẹn píkọ́ọ̀pù tí a ń lẹ̀ mọ́ igi kí ó lè sọ gbígbọ̀n rẹ̀ di iná, mo sì ra pẹlẹbẹ idẹ kan tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 27, irú èyí tí ó máa ń ké nínú aago ìtanijí. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí náà, mo sì ki wáyà rẹ̀ bọ ojú máìkì lórí míkísà. Ohùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, ó ń dún bí agolo. Ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi mọ agídìgbo nínú àpàlà, láti ayé olóògbé Hárúnà Ìṣọ̀lá ọmọ ìlú wa títí di òní, kò sí níbẹ̀ rárá.

A ní òde kan láti ṣe fún ẹgbẹ́ régbérégbé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ṣé pẹlẹbẹ náà ni kò dára, àbí preamp, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ó ń wà láàárín píkọ́ọ̀pù àti míkísà, ni mo nílò? Irú èwo ni ẹ lè júwe fún ẹni tí ó mọ sódà lò díẹ̀? N kò fẹ́ lu ihò kankan sí ara àpótí náà, nítorí ohun ìní ìdílé ni.

Olùkọ́ Físíìsì (Ìkẹ́nnẹ́)

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Pẹlẹbẹ yín kò ní àléébù kankan. Ojú tí ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ni kò yẹ ẹ́. Ní ọdún 1880 ni Jacques àti Pierre Curie, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ilẹ̀ Faransé, ṣàwárí pé àwọn òkúta kan bíi quartz máa ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ohun funfun tí ẹ rí lójú idẹ yín ń ṣe bákan náà. Séràmíìkì ni, òjé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú zirconium àti titanium, wọ́n sì fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Bí igi àpótí bá gbọ̀n, idẹ á tẹ̀, séràmíìkì á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, iná díẹ̀ á sì jáde ní ìwọ̀n gbígbọ̀n náà gan-an. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ bíi ti máìkì, igi ni ó ń gbọ́. Ìdí nìyí tí ìlù ẹgbẹ́ yín kò fi ní pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná yẹn kò lágbára. Pẹlẹbẹ tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 27 ń hùwà bíi kapásítọ̀ (ohun tí ń kó iná pamọ́ díẹ̀) tí ó tó nǹkan bí 20 nanofarad, kapásítọ̀ a sì máa dènà ohùn ìsàlẹ̀ ju ohùn òkè lọ. Bí ìdènà (impedance) tí ó wà ní ojú ìwọlé ẹ̀rọ bá kéré, ohùn ìsàlẹ̀ á ti ṣòfò kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ẹ fi iye ìdènà náà ní ohm sọ iye kapásítọ̀ ní farad di púpọ̀, ẹ tún fi 6.28 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ohun tí ẹ bá rí pín 1. Ojú máìkì lórí míkísà sábà máa ń ní ìdènà tí ó tó nǹkan bí 2,000 ohm, ìṣirò náà sì fún wa ní nǹkan bí 4,000 hertz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan); gbogbo ohùn tí ó bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n yẹn ni yóò máa dín kù, bí ó bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni yóò máa dín kù sí i. Ojú láìnì tí ó ní 10,000 ohm mú un wá sí nǹkan bí 800 hertz, èyí kò sì tíì tó fún agídìgbo. Bí ìdènà bá jẹ́ mílíọ̀nù ohm kan, ó di 8 hertz, tí etí ènìyàn kò lè gbọ́.

Nítorí náà, preamp tí ẹ nílò kì í ṣe èyí tí yóò sọ ohùn di ńlá. Èyí tí yóò fi ìdènà ńlá gba ohùn lọ́wọ́ pẹlẹbẹ, tí yóò sì ní agbára láti gbé e dé míkísà, ni kí ẹ wá.

Onísódà (Ṣágámù)

Bí olùkọ́ wa ṣe sọ ọ́ gan-an ni. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yá ampilifáyà gìtá lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ ki wáyà pẹlẹbẹ náà bọ̀ ọ́. Ìdènà ojú ìwọlé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ mílíọ̀nù ohm kan, nítorí náà ẹ ó gbọ́ ohun tí pẹlẹbẹ yín lè ṣe láìtíì náwó. Àpótí DI (èyí tí ó ń mú ohùn ohun èlò bá ojú míkísà mu) tí ó ń lo bátìrì tàbí iná láti inú míkísà náà lè ṣiṣẹ́ yìí, bí ìdènà ojú rẹ̀ bá ga tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, èyí tí mo máa ń ṣe fún àwọn olórin níhìn-ín ni ti áíísì (IC, ègé ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ) TL071, nítorí pé ó wọ́pọ̀, kò wọ́n, ìdènà ojú rẹ̀ sì ga gidigidi. Bátìrì 9 volt kan tó fún un. Ẹ fi résísítọ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 ohm, pín iná bátìrì sí méjì kí àárín wọn lè wà ní 4.5 volt, kí ẹ sì fi kapásítọ̀ 47 microfarad so àárín yẹn mọ́ ilẹ̀, ìyẹn ẹnu négátíìfù bátìrì, kí ó lè dúró sójú kan. Láti àárín yìí, résísítọ̀ mílíọ̀nù ohm kan á lọ sí ẹsẹ̀ kẹta áíísì náà. Òun ni ìdènà tí pẹlẹbẹ yóò bá pàdé. Wáyà láti ojú fàdákà pẹlẹbẹ á gba inú kapásítọ̀ 100 nanofarad kọjá, lẹ́yìn náà résísítọ̀ 10,000 ohm, kí ó tó dé ẹsẹ̀ kẹta kan náà. Ẹ so ẹsẹ̀ kejì mọ́ ẹsẹ̀ kẹfà tààrà. Ẹsẹ̀ keje ni ó ń gba iná, ẹsẹ̀ kẹrin á lọ sí ilẹ̀. Ní ẹsẹ̀ kẹfà ni ohùn ti ń jáde, á gba résísítọ̀ 100 ohm àti kapásítọ̀ 10 microfarad lọ sí jáàkì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo èyí tí ó kàn. Ẹni tí ń ta agídìgbo a máa fi òrùka gbá ara àpótí bí ó ti ń ta á, pẹlẹbẹ tí a bá sì gbá gìrì lè mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ volt jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi dáyóòdù (tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) 1N4148 méjì sí ẹsẹ̀ kẹta, kí ọ̀kan ti ibẹ̀ kọjú sí pósítíìfù bátìrì, kí èkejì sì ti ilẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ náà, kí iná tí ó bá pọ̀ jù lè rí ibi gbà lọ láìba áíísì jẹ́.

Bàbá Oníredíò (Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ mi, ohun tí wọ́n sọ fún ọ dára. Ní tèmi, mo fẹ́ràn trànsísítọ̀ FET ju áíísì lọ, bíi 2N5457 tàbí J201: trànsísítọ̀ kan, résísítọ̀ méjì, kapásítọ̀ kan, iṣẹ́ ti parí, gbogbo rẹ̀ sì lè wọ inú páálí ìṣáná. Kìkì pé ayédèrú J201 pọ̀ lórí àtẹ. Kí o tó sanwó, fi mítà wọn ìdènà láàárín drain àti source, ìyẹn méjì nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí FET ní (gate ni ẹ̀kẹta). Bí kò bá sí ọ̀nà kankan láàárín wọn, kì í ṣe FET ni wọ́n gbé fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni sódà àti bíbo. Ìgbóná ni ọ̀tá séràmíìkì yẹn. Fi sáńpépà ha etí idẹ díẹ̀, jẹ́ kí irin sódà gbóná dáadáa, kí o sì ṣe é kíá kí o gbọ́wọ́ kúrò. Lórí fàdákà, etí ni kí o ti sódà sí, kì í ṣe àárín, ẹ̀kán sódà kékeré sì tó. Bí irin bá pẹ́ lórí rẹ̀, fàdákà á ṣí kúrò, séràmíìkì á sì pàdánù agbára tí ó fi ń mú iná wá.

Wáyà tí o máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbòrí, tí okùn inú rẹ̀ á lọ sí ojú fàdákà, tí bòrí rẹ̀ á sì lọ sí idẹ. Lẹ́yìn èyí, fi gúlùù Araldite fẹ́lẹ́ kan bo ojú fàdákà, jẹ́ kí ó gan, kí o wá fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí, kí o sì so bàbà náà mọ́ idẹ. Bí o kò bá rí bàbà, fọ́ìlì tí àwọn ìyá wa fi ń se mọ́ínmọ́ín á ṣe é, ṣùgbọ́n sódà kì í mú un. Wáyà híhó ni kí o tẹ̀ mọ́ ọn lára lábẹ́ téèpù. Pẹlẹbẹ tí a kò bò á máa kùn ní 50 hertz, yálà iná ìjọba ni ẹ ń lò tàbí jẹnẹrétọ̀, kò sì sí preamp tí ó lè yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé. Jẹ́ kí wáyà láàárín pẹlẹbẹ àti preamp kúrú, nítorí pé bí ó bá gùn, fífi ọwọ́ kàn án lásán á máa dún nínú sípíkà.

Onísódà (Ṣágámù)

Bàbá, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ bíbo yẹn. Lórí FET, ìdí kan ṣoṣo tí n kò fi yàn án fún agídìgbo nìyí: bí a bá ṣe é ní ọ̀nà tí ó rọrùn jù, tí gate rẹ̀ jókòó sí ilẹ̀, source rẹ̀ sábà máa ń dúró ní nǹkan bí volt kan sí méjì péré, nítorí náà gbígbá òrùka tí ó le á máa gé ohùn kúrú ní ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa fọ́. Áíísì tí a gbé sí 4.5 volt ní àyè lókè àti nísàlẹ̀. Fún gìtá tí a ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ta, ti Bàbá tó, ó sì dùn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà (Odògbolú)

Inú mi dùn pé arákùnrin yìí kò fẹ́ lu ihò. Kò sídìí fún un. Agídìgbo ti ní ojú ihò tirẹ̀, wáyà lè gba ibẹ̀ jáde, preamp á sì wà nínú àpótí kékeré lára bẹ́líìtì olórin.

Ibi tí a lẹ píkọ́ọ̀pù mọ́ ni ìdajì iṣẹ́. Bí ẹ bá fi sí abẹ́ ọ̀pá tí àwọn irin gùn lé, ẹ ó gbọ́ ìró irin ju ohùn igi lọ. Bí ẹ bá fi sí àárín ojú àpótí gan-an, níbi tí igi ti ń gbọ̀n jù, á máa dún bòòmù, á sì tètè mú sípíkà hu. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ dán wò ni ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta sí ọ̀pá náà, ní ẹ̀gbẹ́ tí irin tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù wà, nínú àpótí. Ẹ fi téèpù olójú méjì tí kò nípọn mú un, ẹ ta irin kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn jìnnà díẹ̀ kí ó máa gbọ́, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ohùn àwọn irin ti dọ́gba. Sísún un ní ìwọ̀n ìka kan lè yí ohùn padà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ibẹ̀, ẹ má ṣe fi fóòmù sáàárín, nítorí ohun rírọ̀ á jẹ ohùn òkè. Ohun fẹ́lẹ́ tí ó sì le ni ó dára, gbogbo ẹ̀yìn idẹ sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ igi láìsí àlàfo. Fún àpótí àtijọ́ bíi tiyín, ẹ lẹ téèpù oníwèé tí àwọn akunlé ń lò mọ́ igi ná, kí ẹ fi ẹ̀kán súpà gúlùù sí orí téèpù náà, kí ẹ wá tẹ pẹlẹbẹ lé e. Ó mú bí ẹni pé orí igi gan-an ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, téèpù á ká, igi bàbá àgbà yín kò sì ní bó.

Ọmọ Alágídìgbo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi ampilifáyà gìtá dán an wò, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sún àpótí náà lórí itan mi, tàbí tí aṣọ bá họ ọ́, ó ń dún gbì-gbì nínú sípíkà. Báwo ni a ṣe ń dín in kù?

Olùkọ́ Físíìsì (Ìkẹ́nnẹ́)

Nínú preamp tí ẹ bá ṣe, ẹ fi résísítọ̀ 220,000 ohm rọ́pò ti mílíọ̀nù kan. Èyí á mú ìwọ̀n tí ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù gòkè láti nǹkan bí 10 hertz (8 ni mo wí ṣáájú, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ 100 nanofarad ojú ọ̀nà gbé e sókè díẹ̀) sí nǹkan bí 43, á dín gbì-gbì ìsàlẹ̀ kù, kò sì ní ṣe ohùn àwọn irin yín ní ohun kan tí ẹ lè fura sí. Ẹni tí ó bá ń ṣe ti gòjé, tí pẹlẹbẹ kékeré ni ó fi sí ẹsẹ̀ afárá rẹ̀, òdì-kejì ni kí ó ṣe: bí pẹlẹbẹ bá jẹ́ nanofarad kan péré, mílíọ̀nù ohm kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn láti 160 hertz sísàlẹ̀, nítorí náà mílíọ̀nù mẹ́wàá ni ó yẹ ẹ́.

Onísódà (Ṣágámù)

Ó ku bátìrì. Ẹ ra jáàkì stereo, kí ẹ so négátíìfù bátìrì mọ́ òrùka àárín rẹ̀, kí ilẹ̀ preamp sì wà lára ìdí jáàkì. Bí ẹ bá ti ki wáyà mono bọ̀ ọ́, á so méjèèjì pọ̀, preamp á tàn; bí ẹ bá yọ ọ́, á kú. TL071 ń jẹ nǹkan bí 1.4 milliampere, nítorí náà bátìrì 9 volt alkaline tí ó dára á lò ju 200 wákàtí lọ bí ẹ bá ń rántí yọ wáyà lẹ́yìn eré. Ní ọjọ́ òde yín, ojú láìnì ni kí ẹ ki í bọ̀ lórí míkísà, kì í ṣe ojú máìkì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géènì (bọ́tìnì tí ń mú ohùn tí ń wọlé lágbára) ní ìsàlẹ̀ pátápátá.