Glover àti ọ̀nà Oǹdó

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni John Hawley Glover, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi, ṣe di gómìnà ní Èkó, kí ló sì dà á pọ̀ mọ́ Oǹdó wa?

Ìdáhùn: Òun àti Baikie, dókítà àti olùṣàwárí ará Scotland, ni wọ́n jọ gun odò Ọya nínú ọkọ̀ Dayspring, tó fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní 1857; ibẹ̀ ló ti gba orí ilẹ̀ dé Èkó, ọ̀nà tó jìn gan-an. Ìgbà tó wá ń ṣàkóso Èkó, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń dí ọ̀nà òwò, ó fẹ́ kí ọjà òkè máa gba Oǹdó wá sí ojú ọ̀sà.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, sà. Lójú tèmi, òwò Èkó ni Glover ń lé, kì í ṣe ire Oǹdó. John Pope Hennessy, gómìnà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kò fara mọ́ ìlànà rẹ̀, ó sì yọ ọ́ nípò ní 1872, ṣùgbọ́n Glover tún di gómìnà Newfoundland, ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní 1876.