Kí ló dé tí aró Fast Red fi mú àwọ̀ ìyeyè jáde lára oògùn ibà?

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbowó:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Olùkọ́ wa lọ hóró artesunate, oògùn ibà, kúnná, ó pò ó mọ́ sodium hydroxide, ó fi ásíìdì tí kò le dín agbára rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà ni ó kán Fast Red TR sí i. Pupa ni wọ́n fi sọ aró náà lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè ni a rí. Kí ló fà á? Bí oògùn tí a rà fún àbúrò mi bá sì mú irú àwọ̀ yìí jáde, ṣé ojúlówó ni?

Olùkọ́ kẹ́mísìrì, Bódìjà:
Ẹ kú ìbéèrè. Iyọ̀ diazonium, ìyẹn iyọ̀ kẹ́míkà tó máa ń so mọ́ èròjà mìíràn, ni Fast Red TR, kò tíì di aró fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá so mọ́ èròjà mìíràn ni àwọ̀ gidi ń jáde, ohun tó so mọ́ ló sì ń pinnu irú àwọ̀ náà. Lára aṣọ tí a ti fi naphthol, èròjà kan tí àwọn aláró ń lò, rẹ, pupa ni. Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá aláró rí yóò mọ̀ pé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò elú máa ń dà bí ewé tútù, àfi ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ni yóò tó ṣú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n níbi ìpàdé ni àwọ̀ ti ń jáde nínú méjèèjì. Sodium hydroxide ló ń fọ́ artesunate, èròjà tó bá sì jáde lára rẹ̀ ni Fast Red TR ń dì mọ́. Ìyẹ̀fun sítáàṣì tí ènìyàn lè fi ṣe ayédèrú hóró kò ní irú èròjà bẹ́ẹ̀.

Apoògùn, Dùgbẹ̀:
Àyẹ̀wò yìí wúlò gan-an, nítorí ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 104 oògùn tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà gẹ́gẹ́ bí artesunate, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní artesunate rárá. Síbẹ̀, àwọ̀ tí ojú rí ń sọ pé oògùn wà níbẹ̀ ni, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi hóró ojúlówó tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tiyín mu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi omi kan náà pò wọ́n, kí ẹ wo èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ki jù. Ẹ ṣe òmíràn láìkán Fast Red TR sí i, nítorí amodiaquine, oògùn ibà mìíràn tí wọ́n sábà ń pò mọ́ artesunate, ní àwọ̀ ìyeyè tirẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lo Fast Red TR ni kí ẹ pò ó, torí ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbowó:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Amodiaquine wà nínú ti àbúrò mi lóòótọ́, n kò sì rò ó rárá.

Apoògùn, Dùgbẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Bí ara bá ń fu yín, ẹ gbé oògùn náà pẹ̀lú páálí rẹ̀ lọ fún NAFDAC, kí dókítà sì tún ọmọ náà wò lónìí.