Funfun ni ó kàn, ìgbésẹ̀ méjì péré: báwo ni a ṣe lè há ọba Dúdú mọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Àdììtú kan wà níwájú mi láti ìrọ̀lẹ́ àná tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ọba Funfun wà ní c1 (lẹ́tà ń tọ́ka òòró ọpọ́n, nọ́ńbà ń tọ́ka ìbú rẹ̀), ayaba ní b3, rúùkù (tí ń rìn lóòró tàbí níbùú) ní d1, bíṣọ́ọ̀bù (tí ń rìn ní ìdágẹ̀rẹ́) ní g5, àwọn ọmọ ogun sì wà ní a2, b2, c2, e4, f2, g2 àti h2. Ọba Dúdú wà ní e8, ayaba ní e6, ẹṣin ní d7, bíṣọ́ọ̀bù ní f8, rúùkù ní h8, àwọn ọmọ ogun sì wà ní a7, e5, f7, g7 àti h7. Funfun ni ó kàn, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kejì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kìméètì (ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìkọlù sí ọba, tí ọba kò lè bọ́ nínú rẹ̀), ohun yòówù kí Dúdú fi fèsì.

Mo kọ́kọ́ fi rúùkù jẹ ẹṣin ní d7, nítorí pé bí ayaba Dúdú bá fi ojúkòkòrò jẹ ayaba mi ní b3, rúùkù yóò bọ́ sí d8, ọba yóò sì há. Ṣùgbọ́n bí ọba fúnra rẹ̀ bá jẹ rúùkù náà ńkọ́? Bí mo bá fi ayaba ṣẹ́ẹ̀kì ní b7, yóò sá sí d6. Pípàrọ̀ ayaba ní e6 kò sì dára, torí ẹṣin kan ni Dúdú yóò fi jù mí lọ, ọmọ ogun méjì péré ni tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìdáhùn nìkan ni mo ń wá. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń ronú dé ibẹ̀.

Ìdáhùn kìíní

Ohun tí ó ń dí yín lọ́wọ́ ni pé ẹ ń ka ohun tí ẹ óò jẹ àti ohun tí ẹ óò pàdánù. Ẹ fi ìṣirò yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ wá gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì tí ó wà lórí ọpọ́n, títí kan èyí tí ó jọ ìwà wèrè, kí ẹ sì bi ara yín pé èsì mélòó ni ó kù fún Dúdú. Ṣẹ́ẹ̀kì méjì péré ni ẹ ní. Ẹ ti kọ ti e6. Èyí tí ó kù ni kí ayaba yín lọ jókòó sí b8, níbi tí ẹṣin ti lè jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́: bí ó bá ti kúrò ní d7, òòró d ṣí gbalaja, rúùkù yín yóò sì lọ tààrà sí d8.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi hàn pé Dúdú kò ní ọ̀nà mìíràn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ayaba Funfun bá ti dé b8, ọba kò lè bọ́ sí e7, nítorí bíṣọ́ọ̀bù g5 ń wo ibẹ̀ gba f6 kọjá. D8 kò ṣeé dé, bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sì wà ní f8, ọmọ ogun tirẹ̀ sì wà ní f7. Ǹjẹ́ ayaba Dúdú lè wá dí ọ̀nà ní c8? Rárá, ẹṣin tirẹ̀ ní d7 ni ó dí i. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nítorí náà ẹṣin gbọ́dọ̀ jẹ ayaba. Nígbà tí rúùkù bá sì dé d8, bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni ó ń dáàbò bò ó, tí ó tún ń ṣọ́ e7. Ẹ gbé bíṣọ́ọ̀bù náà lọ sí e3 kí ẹ wò ó.

Ìdáhùn kẹta

Inú mi dùn láti rí i pé a ń jíròrò èyí, nítorí pé eré gidi ni. Paul Morphy, ọmọ New Orleans ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 21, ni ó ta á ní ilé opéra kan ní Paris ní 1858, nígbà tí ìjòyè méjì, Duke ti Brunswick àti Count Isouard, jọ ń ta Dúdú. Ó ti fi ẹṣin sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 10, ó fi rúùkù kan sílẹ̀ ní 13, ó wá fi ayaba sílẹ̀ ní 16. Ẹ wo f8 àti h8 dáadáa: bíṣọ́ọ̀bù àti rúùkù yẹn kò kúrò níbi tí a to wọ́n sí rí. Láti ìgbésẹ̀ 7 títí di 14 ni ayaba Dúdú jókòó sí e7, tí ó dí bíṣọ́ọ̀bù mọ́lé.

Olùbéèrè padà wá

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti to ó sórí ọpọ́n. Rúùkù dúdú kan ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ tipẹ́, mo fi ìdérí ìgò rọ́pò rẹ̀ ní h8. Nígbà tí mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sí e3, ọba rọra bọ́ sí e7 lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀kì b8, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe fún un. Mo dá a padà sí g5, mo ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọba sì há, ìdérí ìgò náà kò kúrò níbi tí mo fi í sí.