Fọ́tò wo ni kí n fi síwájú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. London ni mò ń gbé, ìyàwó ni mò ń wá lórí Hinge (áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́), àyè fọ́tò mẹ́fà ló sì wà níbẹ̀. Èyí tó wù mí jù, òde ìgbéyàwó la ti yà á: agbádá aṣọ òkè, fìlà abetí ajá. Àmọ́ àwa mẹ́rin la wọ aṣọ kan náà. Mo gé àwọn yòókù kúrò, ọwọ́ ẹnì kan ṣì wà léjìká mi. Mo ya òmíràn nínú yàrá, òjìji iná bò mí lójú. Ti pásípọ́ọ̀tù mọ́ kedere, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin obìnrin pàápàá, èwo lẹ máa fẹ́ kọ́kọ́ rí: ti agbádá yẹn bó ṣe wà, àbí kí n lọ ya tuntun níta lọ́sàn-án, nínú aṣọ tí mò ń wọ̀ lójoojúmọ́?