Overpass Turbo kò rí ọjà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sórí máàpù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi Overpass Turbo, ojúlé ayélujára tí a fi ń wá nǹkan lórí OpenStreetMap (máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí), wá àwọn ọjà Ìbàdàn. Tí mo bá wá amenity=marketplace, ìyẹn táàgì tí wọ́n fi ń sàmì sí ọjà, wọ́n á jáde. Tí mo bá wá orúkọ, name~"Ọjà", òfo ni, bẹ́ẹ̀ fóònù mi ni mo fi kọ mẹ́ta nínú wọn! Mo yọ àmì kúrò, mo wá "Oja": àwọn mìíràn yọjú, tèmi kò sí níbẹ̀.

Mo fura sí "ọ" yìí. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ "o" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀; ojú kò lè dá wọn mọ̀. Báwo ni mo ṣe máa kọ regex (àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá nǹkan) kan tí yóò mú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?