Béèsì bàbá mi tí wọ́n fi ọ̀dà ilé kùn: ṣé kí n fá a dé igi ni?

Ọmọ Òkè-Súnà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi onígìtá. Gìtá béèsì kan wà lọ́wọ́ mi, Fender Precision, ti bàbá mi. Òun ni wọ́n fi ń ṣeré jùjú káàkiri Èkó nígbà ayé wọn. Nígbà tí ìka wọn ò lè tẹ okùn mọ́, wọ́n fi yá ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Ìgbà tó máa padà wálé, búlúù ni mo bá a, ọ̀dà kan náà tí wọ́n fi kun irin pẹpẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún o! Irun búrọ́ọ̀ṣì méjì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ vọ́lùmù, ó ti gan mọ́ ọ̀dà.

Ilé wa ò jìnnà sí ọ̀sà, irin tí okùn jókòó lé ti dógùn-ún. Bí mo bá yí vọ́lùmù, á máa ha kàrà-kàrà, nígbà míì ohùn á kàn lọ. Orí rẹ̀ nìkan ni wọn ò kùn. Mo rí S7 níbẹ̀ àti nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀.

Péńtà mọ́tò kan ní Ládípọ̀ ní òun á fá a dé igi, òun á wá fín in ní pupa tó ń dán bíi Camry tuntun. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà. Ọjọ́ Sátidé ló ní kí n gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Tádé Béèsì

Àbúrò, gbé e lọ jàre. Ohùn là ń gbọ́, ta ló ń gbọ́ ọ̀dà? Èmi fín tèmi ní dúdú lọ́dún tó kọjá, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bi mí pé níbo ni mo ti rà á.

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì, Mushin

Tádé, má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Òkè-Súnà, má gbé e lọ síbì kankan. S yẹn ń tọ́ka sí àwọn ọdún 1970, 7 tó tẹ̀ lé e sì ni 1977. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè ti pààrọ̀ ọrùn rẹ̀, torí náà wá ẹlẹ́rìí kejì. Tú ike pẹlẹbẹ iwájú, kí o wo ẹ̀yìn vọ́lùmù. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá fi 137 tàbí 304 bẹ̀rẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìyẹn. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì ìkẹyìn ni ọ̀sẹ̀. Bí o bá rí 1377633, ọ̀sẹ̀ 33 ọdún 1976 ni wọ́n ṣe vọ́lùmù yẹn.

Ìdí tí mo fi ń da ọ láàmú nípa ọdún rèé. Títí di nǹkan bí 1968, ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní nitrocellulose (nítrò) ni Fender fi ń kun igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí irú ọ̀dà mìíràn, polyester. Bí tínà bá kan nitrocellulose, ńṣe ló ń yọ́ bíi ṣúgà nínú ògì gbígbóná. Polyester le bíi gíláàsì, tínà ò rí nǹkan kan fi ṣe. Bí tìrẹ bá jẹ́ 1977 lóòótọ́, búlúù yẹn kàn jókòó lórí polyester ni. O lè ká a kúrò, kí o bá àwọ̀ tí bàbá rẹ mọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Péńtà yẹn á fá méjèèjì dànù ni. Àwọn tó sì ń ra gìtá àtijọ́, bí wọ́n bá ti rí i pé wọ́n ti tún un kùn, owó á wálẹ̀ gan-an, nígbà míì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, oníbàárà kan gbé béèsì ọdún 1964 wá pé kí n bá òun nù ún. Mo bu tínà sí aṣọ. Ìgbà tí mo máa wo aṣọ ọwọ́ mi, ó pupa bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa adìyẹ. Àwọ̀ gìtá ló wà lára rẹ̀. Mi ò lè sọ iye tí mo san níbí, ìyàwó mi ń ka ibí yìí.

Nítorí náà, dán an wò ná. Tú skúrù mẹ́rin ẹ̀yìn, yọ ọrùn kúrò, kí o fi òwú kan asitóònù, oògùn tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, sínú kòtò tí ọrùn ń wọ̀. Bí ibẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ òwú, dúró, kí o gbé e wá bá mi. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, tú gbogbo ike àti irin ara rẹ̀, torí tínà máa ń jẹ ike. Rẹ aṣọ sínú tínà, tẹ́ ẹ lé ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún ìṣẹ́jú méjì, kí o wá fi káàdì báńkì tó ti kú ha á. Kì í ṣe abẹ o. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, bo imú, má sì jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí.

Orí rẹ̀ ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án rárá! Nítrò ni wọ́n ṣì ń fi bo iwájú orí nígbà yẹn, orúkọ Fender á bá aṣọ lọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o fín nítrò sí i lásìkò òjò yìí, sá. Tínà inú rẹ̀ tó ń fò lọ máa ń mú ojú ọ̀dà tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá bà lé e, á funfun bí ìgbà téèyàn mí sí dígí. Ọyẹ́ ni mo máa ń dúró dè.

Ti vọ́lùmù, fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú wáyà sínú ihò rẹ̀, kí o yí i lọ yí i bọ̀ bí ogún ìgbà. Bí ohùn bá ṣì ń lọ, fi mítà wọn pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí méjìlá ohm dára. Bí mítà ò bá sọ nǹkan kan, iyọ̀ ọ̀sà ti jẹ wáyà inú rẹ̀ já.

Ọmọ Òkè-Súnà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. 1377709 ni mo bá lẹ́yìn vọ́lùmù. Asitóònù ò ṣe kòtò ọrùn ní nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ha búlúù yẹn. Àwọ̀ igi gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà igi ń hàn kedere. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ibi tí irin bẹ́líìtì ti ha á, gbogbo rẹ̀ sì wà lápá òsì. Màmá mi rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ikùn bàbá yín ló ń ti bẹ́líìtì síbẹ̀.

Pickup kà tó ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá dín díẹ̀. Vọ́lùmù ò ha mọ́. Ṣùgbọ́n okùn jìnnà sí ọrùn láàárín, ìka ń ro mí.

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì, Mushin

Ọrùn ti tẹ̀ nìyẹn. Irin kan wà nínú ọrùn tó ń mú un tọ́. Ẹnu irin náà wà ní ìdí ọrùn, o máa tún ọrùn yọ. Fi sukudíráfà tó bá ẹnu rẹ̀ mu yí i sí ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo péré. Dè é padà, tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá le, má fipá yí i, wọ mọ́tò wá sí Mushin.

Tádé Béèsì

Bàbá, ẹ má bínú, tèmi tí mo fín ní dúdú ńkọ́? Ọdún wo ni yóò jẹ́?

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì, Mushin

Nọ́ńbà wo ló wà lórí rẹ̀?

Tádé Béèsì

Mo fín orí náà pọ̀ mọ́ ọn ni, sà.