Ṣé lóòótọ́ ni pé táífọ́ọ̀dù kì í tán nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọdún tó kọjá ni ara ti máa ń ro mí, ẹnu mi a máa korò, tí mo bá sì gún iyán tán, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tí wọ́n nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe àyẹ̀wò, táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń rí. Ìwé ti ọ̀sẹ̀ yìí wà níwájú mi: O 1/160, H 1/160, wọ́n fi bírò pupa yí i ká. Mo lo Cipro, oògùn tó ń pa kòkòrò, lẹ́yìn Kérésì, mo tún lò ó lásìkò ọdún Ọlọ́sùnta, wọ́n tún ti kó òmíràn fún mi báyìí. Wọ́n ní kì í tán nínú ẹ̀jẹ̀, pé à kàn ń dín in kù ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Màmá Ọlọ́jà, Ọ̀yẹ́:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Se ewé dóńgóyárò pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kí o máa mu ún láàárọ̀.

Ọmọ Láàbù, Adó:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gbé Cipro yẹn mì. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí dọ́kàn. Widal ni wọ́n ṣe fún yín, àyẹ̀wò tó ti wà láti 1896. Kì í wá Salmonella Typhi, kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù. Àǹtíbọ́dì ló ń wá, ìyẹn ohun ìjà tí ara ti rọ láti fi bá kòkòrò náà jà, ara kì í sì í kó ohun ìjà rẹ̀ dà nù kété tí ogun bá parí. O àti H tó wà nínú ìwé yín ni oríṣi àǹtíbọ́dì méjì tí wọ́n ń wá; 1/160 sì ń sọ bí wọ́n ṣe la ẹ̀jẹ̀ náà tó tí àǹtíbọ́dì ṣì ń hàn. Ti O lè wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ti H fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ti ṣe táífọ́ọ̀dù rí, tàbí tí kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́ ti wọ inú rẹ̀, Widal rẹ̀ lè ga láìsí táífọ́ọ̀dù lára rẹ̀. Kódà ibà ẹ̀fọn lè gbé e sókè. Ní agbègbè bíi tiwa, 1/160 ẹ̀ẹ̀kan péré kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ lo oògùn.

Blood culture ló ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Bí nǹkan bá hù níbẹ̀, wọ́n á dán oògùn wò lára rẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń pa á. Kí èèyàn tó lo oògùn ló yẹ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn o, torí bí Cipro bá ti wọlé, kòkòrò náà lè kọ̀ láti hù bó tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ẹ̀gbọ́n mi sì ní àwọn kan wà tó ń gbé e kiri láìmọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Kòkòrò náà lè sá pamọ́ sínú àpò òróòro, kí ó máa bá ìgbẹ́ jáde fún ohun tó ju ọdún kan lọ, kí ara olúwarẹ̀ sì le koko. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti dá wọn mọ̀. Widal kọ́.

Ẹ ti fi tẹmómítà wọn ara yín rí? Táífọ́ọ̀dù gidi kì í jẹ́ kí èèyàn rí iyán gún fún ọdún kan gbáko. Ara á máa gbóná sí i lójoojúmọ́, inú á máa run, ẹlòmíràn á máa yàgbẹ́ gbuuru, ẹlòmíràn ò sì ní rí ìgbẹ́ yà. Bí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè dá ìfun lu ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Tiyín yìí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ibà ẹ̀fọn wò, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó. Ṣé nǹkan oṣù yín máa ń pọ̀? Ìyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára, kí ó sì máa rẹ èèyàn.

Ní ti Cipro, ẹ má lò ó, ẹ má sì fún aládùúgbò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lò ó láìnídìí, àwọn kòkòrò inú ikùn tí kò lágbára á kú, àwọn tí oògùn ò ràn á máa bí sí i. Lọ́jọ́ tí àrùn gidi bá dé, Cipro lè má ṣe nǹkan kan. Ó tún lè ba iṣan gìgísẹ̀ jẹ́.

Màmá Ọlọ́jà:
Àgbo mi ńkọ́?

Ọmọ Láàbù:
Màmá, ẹ má bínú. Àgbo ò lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wa. Tí wọ́n bá ti mu ún, kí wọ́n sọ fún dókítà.

Ìyá Ìbejì:
Nọ́ọ̀sì, nǹkan oṣù mi ń pọ̀ gan-an, mi ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé kí n jẹun kí n tó lọ?

Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Rárá, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà. Omi lásán ni kí ẹ mu. Kí ẹ sì kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ dání, pẹ̀lú páálí àwọn oògùn tí ẹ ti lò.